Arúgbó Tún Dákú Lójú Ọ̀nà

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ bá mi kí màámi dáadáa. Ẹ sọ fún wọn pé síwẹ́tà tí wọ́n fi ọwọ́ hun ti dé, ó bá mi mu, apá rẹ̀ nìkan ló gùn jù. Ara tèmi yá. Ọkọ̀ mi ni ara rẹ̀ ò yá, òun ló sì gbé bíírò lé mi lọ́wọ́, nítorí màámi ní etí yín ò gbé ọ̀rọ̀ orí fóònù mọ́ rárá, pé ńṣe lẹ máa ń pariwo "ta nìyẹn?" títí ẹni tó pè á fi gbé e sílẹ̀.

Ẹ rántí ọkọ̀ àlòkù tí mo rà lọ́dún tó kọjá, èyí tí wọ́n kọ́ yàrá sínú rẹ̀: bẹ́ẹ̀dì tó ṣeé ká, síǹkì kékeré, ìdáná gáàsì olójú méjì. Mo yọ àga kan kúrò, mo gbé àga tí mo fi ń ṣe irun sí àyè rẹ̀. Òun ni mo ń gbé lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà mẹ́ta, ní ìlú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láti fọ irun fún wọn, kí n gé e, kí n sì tò ó. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn dé ṣọ́ọ̀bù onídìrí mọ́ ni. Arúgbó ni mo sọ ọkọ̀ náà, nítorí ó dàgbà jù mí lọ.

Àìsàn Arúgbó yìí ò ní orúkọ. Tí mo bá ṣíná fún un láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa dáhùn. A ó rìn dáadáa fún bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, agbára rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ bí mo tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, á sì kú pátápátá. Màá rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, màá jókòó. Tó bá tó ogún ìṣẹ́jú, á tún jí, á máa lọ, bí ẹni pé èmi ni mo ń lá àlá. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì tó wà lẹ́bàá ibi tí mo ń páàkì sí. Ó wà á yí àgbàlá rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Kò síṣòro." Mo gbé e padà ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún ní kò síṣòro. Kòsíṣòro ni mo ń pè é báyìí.

Bàbá, ìṣòro wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi wákàtí kan ààbọ̀ pẹ́ dé ilé ìtọ́jú kejì. Mo bá àwọn ìyá mẹ́fà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, táwẹ́ẹ̀lì ti wà lọ́rùn wọn láti àárọ̀, ọ̀kan ti sùn lọ. Olórí nọ́ọ̀sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní tó bá tún ṣẹlẹ̀, àwọn á wá ẹlòmíràn. Tí ilé mẹ́ta yìí bá bọ́ lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ mi parí nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ fi ogójì ọdún tún ọkọ̀ gbogbo ayé ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ó kan tọmọ yín.

Èmi ọmọ yín tó ń retí èsì kíákíá.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá, mo sì kí ọ. Ìyá rẹ ní kó o ká apá síwẹ́tà náà sókè, pé bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ etí. Ariwo ẹ́ńjìnnì ló jẹ ẹ́ tán. Láyé ijọ́un, màá ti mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ kó tó wọ géètì mi. Ní báyìí, ńṣe ni mò ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí bí ẹni tó ń wò bóyá ibà ń ṣe é. Nítorí náà, ó dáa bó o ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé ò ń pariwo, mo sì lè kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Gbọ́ òfin mi kí á tó bẹ̀rẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Tó o bá pààrọ̀ nǹkan mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà tí ọkọ̀ sì yá, o ò ní mọ èyí tó wò ó sàn láéláé. Èkejì, má jẹ́ kí Kòsíṣòro yẹn fọwọ́ kan ohunkóhun tí n ò bá sọ.

Ọkọ̀ tó ń kú nígbà tó bá gbóná, tó ń jí nígbà tó bá tutù, kọ́ìlì ló ń bá a jà. Òun ló ń fi iná ránṣẹ́ sí àwọn púlọ́ọ̀gì. Tó bá ti gbó, ooru á máa pa á. Nígbà tó bá tún kú, rẹ aṣọ sínú omi tútù, fi wé kọ́ìlì náà, kó o dúró díẹ̀. Tó bá jí, ra tuntun.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nínú mi. O ra ọkọ̀ tó dàgbà jù ọ́ lọ láìbi mí léèrè, èmi tí gbogbo àdúgbò ń bi kí wọ́n tó ra kẹ̀kẹ́. Mo dúpẹ́ pé o ṣì ní yàrá rẹ tó dáa nínú ilé alájà mẹ́ta yẹn. Ọkọ̀ tó bá ń yọ èèyàn lẹ́nu, iṣẹ́ nìkan la fi ń ṣe, tó bá sì di wàhálà jù, à á tà á.

Èmi ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ wí. Ó kú lójú ọ̀nà, mo fi aṣọ tútù wé kọ́ìlì, mo wo epo, mo dúró, ó jí. Inú mi dùn débi pé mo fi ọwọ́ gbá orí rẹ̀ bí orí ọmọdé. Mo ra kọ́ìlì tuntun, èmi fúnra mi ni mo fi sípánà dè é mọ́ ọn. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni Arúgbó fi ṣe dáadáa. Ilé kẹta tó wà nítòsí ni mo ń lọ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, mi ò sì kà á sí.

Ní Túsìdeè, mo kún táǹkì dé ẹnu nítorí pé ilé kejì jìn. Mo ní ẹni tó yó á ṣiṣẹ́. Mi ò tíì wakọ̀ tó ìṣẹ́jú márùndínlógójì tó fi bẹ̀rẹ̀ ikọ́. Ó kú sáàárín òkè, òjò ń rọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan wà lẹ́yìn mi tó ń fun fèrè bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn rọra ṣẹ́rí padà sísàlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, bàbá, n ò ní purọ́ fún yín.

Ìgbà tí mo bá bọ́ ọ yó ló ń ṣe mí jù. Tí epo bá kù díẹ̀, ó máa ń rọ́jú. Ṣé ẹ ti rí irú ẹ̀ rí? Kòsíṣòro gbọ́ pé mo pààrọ̀ kọ́ìlì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní bàbá mi ni. Ó bi mí pé ibo ni bàbá mi wà. Nígbà tí mo sọ fún un, ó tún rẹ́rìn-ín.

Olórí nọ́ọ̀sì ilé kejì ti kọ ìwé sí mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Ẹ má bínú pé mò ń kán yín lójú, àmọ́ lẹ́tà yín ń pẹ́ ju bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe lè dúró lọ. Tẹ́ ẹ bá ti rí èyí gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn lọ́jọ́ náà.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo dáhùn lọ́jọ́ náà. Bí ilé ìfìwéránṣẹ́ bá gbé e jókòó, kì í ṣe ẹjọ́ mi.

Kí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín rọra máa rẹ́rìn-ín. Tó bá mọ̀ ọ́n, ṣebí ì bá ti tún un ṣe. Òjò tó o mẹ́nu bà ló là mí lójú. Omi ti wọ inú epo rẹ. Nígbà tó o kún un dé ẹnu, ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táǹkì ru sókè, ó wọ ọ̀nà epo, ó dí i. Ìdí tó fi ń rọ́jú nígbà tí epo bá kéré, mi ò tíì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ó ṣe pàtàkì.

Ṣe báyìí. Tú gbogbo epo táǹkì dànù, kó o fọ̀ ọ́. Pààrọ̀ fílítà. Tú kabúrétọ̀, fi epo àti búrọ́ọ̀ṣì fọ gbogbo ojú ihò rẹ̀. Fọwọ́ tọ rọ́bà epo láti ẹ̀yìn dé iwájú, kó o wò ó bóyá ó ti sán. Náílọ̀n ojú táǹkì ńkọ́? Ṣé o fi sí i bí mo ṣe kọ́ gbogbo yín? Tí èyí tó wà níbẹ̀ bá ti fàya, abẹ́ ìdérí ni omi ń gbà wọlé. Fi tuntun sí i, ní ìṣẹ́po méjì, kó o sì dé e mọ́ ọn kó fún pinpin.

O ní lẹ́tà mi ń pẹ́. Ìwọ ńkọ́? Oṣù mẹ́rin lo fi dákẹ́ kí Arúgbó rẹ tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ká ní ó yá ni, mi ò ní gbúròó rẹ.

Ìyá rẹ gba bíírò lọ́wọ́ mi: Ọmọ mi, ṣé ò ń jẹun? Bàbá rẹ ti gbé lẹ́tà rẹ wọ ibi iṣẹ́, ọ̀rá ẹ́ńjìnnì ti gbà á, ó ń kà á fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Má dá a lóhùn, inú rẹ̀ dùn pé o béèrè lọ́wọ́ òun.

Èmi ni bàbá rẹ. Má ka ohun tí ìyá rẹ kọ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo sì kí màámi. Mò ń jẹun.

Nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà lẹ wá kọ nǹkan márùn-ún sínú lẹ́tà kan. Mo ṣe márààrún. Mo fi ọjọ́ ìsinmi mi méjèèjì dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, epo wọ̀ mí lójú, irun mi ṣì ń rùn epo dòní, èmi tí mò ń fọ irun ẹlòmíràn jẹun. Mo fọ táǹkì, mi ò bá omi kankan níbẹ̀. Mo fọ kabúrétọ̀. Mo pààrọ̀ fílítà àti rọ́bà. Mo fi náílọ̀n tuntun sí i ní ìṣẹ́po méjì, mo dé e pinpin. Ó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Tẹ́lẹ̀, ó ń fún mi ní ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ní báyìí, ogún ìṣẹ́jú, á kú.

Ilé kejì ti lọ. Wọ́n ti gba ẹlòmíràn. Wọ́n kó kọ́ọ̀mù mi sínú ọ̀rá, wọ́n gbé e fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá kan láàárín wọn, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí òun àfi èmi, ń juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé. Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí ojú mi fi wú.

Ẹ wá ní kí n tà á tó bá di wàhálà. Bàbá, mi ò ní yàrá kankan nínú ilé alájà mẹ́ta. Mo ti kúrò níbẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá. Arúgbó ni ilé mi. Orí bẹ́ẹ̀dì tó ń ká yẹn ni mò ń sùn, ibẹ̀ ni mò ń dáná, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Mi ò sọ fún yín nítorí mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Tí mo bá tà á, mo ti ta ilé àti iṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo máa kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ fún yín lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ lè rí i bí ẹni tó jókòó tì mí. Ní Fúráìdeè, mo ṣíná ní aago mẹ́sàn-án, ó dáhùn. Mo wọ títì ńlá ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ní ogún ìṣẹ́jú, ó kọ́kọ́ wúkọ́. Mo dín eré kù, ó rọ́jú díẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì sí i, ó kú. Mo bọ́ọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gbóná bó ṣe yẹ kó gbóná, kò ṣe èéfín, kò rùn. Mo lọ wo epo, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń fi ìwọ̀n epo hàn ti kú kí n tó rà á, igi ni mo ń tì bọ̀ ọ́. Mo ṣí ìdérí, mo yọ náílọ̀n, ó mí kanlẹ̀, fùùù, bó ṣe máa ń ṣe. Epo wà dáadáa. Mo dé e padà. Mo jókòó kí àyà mi lè rọlẹ̀, mo ṣíná, ó dáhùn, a lọ. Ogún ìṣẹ́jú sí i, bákan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ kan.

Ó ti sú mi. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè kọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù karùn-ún

Ìwọ ọmọ yìí,

Mi ò ní kí ọ lónìí.

Oṣù mẹ́sàn-án! Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọmọ mi ní yàrá, pé fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọgbà. Ìwọ lo kọ ọ̀rọ̀ fèrèsé yẹn sí mi. O ti ń sùn sínú ọkọ̀ lẹ́bàá títì bí ẹni tí kò ní ẹbí. Ìyá rẹ gbọ́, kò lè gbé oúnjẹ kankan mì. Ṣé bí a ṣe tọ́ ọ nìyẹn? Tí ẹnì kan bá já ilẹ̀kùn wọlé ńkọ́? Tí gáàsì bá jò ńkọ́?

Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ́ìlì mọ́, mi ò fẹ́ gbọ́ ti kabúrétọ̀. Ọkọ̀ tó ṣe èyí lọ́wọ́ rẹ, ìwọ lo bà á jẹ́. Gbogbo ohun tí mo kọ sí ọ ló ń wo ọkọ̀ ẹlòmíràn sàn. Ta ọkọ̀ náà. Kó o lọ gba yàrá bí ọmọ èèyàn. Má kọ̀wé sí mi títí wàá fi tà á.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Tó o bá ti rí èyí tí mo kọ lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, jọ̀ọ́, ya á. Inú ló bí mi. Ẹ̀rù ló bà mí, mo sì sọ ọ́ di ìbínú, bí mo ṣe máa ń ṣe.

Má ta ọkọ̀. Mo ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì: má ta ọkọ̀.

Ìyá rẹ ló ní kí n ka lẹ́tà rẹ sókè fún òun láàárọ̀ yìí. Mo kà á dé ibi tó o ti ní o yọ náílọ̀n, ó mí kanlẹ̀, fùùù. Mo dúró. Mo tún un kà. Táǹkì kì í mí kanlẹ̀, ọmọ mi, àfi èyí tí wọ́n fún lọ́rùn. Bí epo bá ṣe ń jáde lọ sí ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọlé dípò rẹ̀. Ihò tín-ín-rín kan wà lára ìdérí fún iṣẹ́ yẹn. Náílọ̀n ló dí i. Bí epo ṣe ń lọ ni inú táǹkì ń fà á padà, títí páǹpù ò fi ní lè fa nǹkan kan mọ́. Nígbà tó o bá kún un, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kéré, ìdí nìyẹn tó fi ń tètè kú. Nígbà tó o bá ṣí i láti wo epo, ó máa mí, ó sì máa jí. Kì í ṣe kọ́ìlì. Kì í ṣe omi tútù. Ṣíṣí tó o ń ṣí i yẹn ni.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló kọ́ mi ní náílọ̀n, kí epo má baà dà nù nínú kòtò, kí òjò má wọ̀ ọ́. Èmi náà kọ́ gbogbo èèyàn. Ìdérí àwọn ọkọ̀ tiwa níbí ti gbó, afẹ́fẹ́ ń rí ẹ̀gbẹ́ gbà wọlé, kò pa wọ́n. Tìrẹ fún dáadáa, nítorí pé o mọ́wọ́, o sì gbọ́ràn. Mo tún wá ní kó o sọ ọ́ di méjì. Láti ìhín ni mo ti ń fún ọkọ̀ rẹ lọ́rùn, tí mo sì ń bú ọ pé ìwọ lò ń pa á.

Yọ náílọ̀n náà dànù. Má fọwọ́ kan ohun mìíràn. Kó o wà á fún wákàtí méjì, kó o kọ̀wé sí mi.

Ọ̀rọ̀ ilé tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ọrùn mi ló wà. Má bínú. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ mi rí, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kó dùn.

Èmi ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé.

Mo ti ta Arúgbó.

Lẹ́tà tẹ́ ẹ fi bú mi ló kọ́kọ́ dé. Mo kà á lórí ìdúró, mo kà á lórí ìjókòó. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn dé. Mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé yín lórí àpòòwé, ẹ̀jẹ̀ mi ru. Mo ní, èébú tó ṣẹ́kù tí inú ti àkọ́kọ́ ò gbà ni. Mi ò ṣí i. Mo sọ ọ́ sínú àpótí kọ́ọ̀mù. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi wà níbẹ̀.

Ó ti sú àwọn ará ilé àkọ́kọ́ náà láti máa dúró dè mí. Ilé kẹta tó wà nítòsí nìkan ló kù, bọ́ọ̀sì sì ń débẹ̀. Mo ní kò burú, bàbá mi ló ní kí n tà á, jẹ́ kí n gbọ́ràn. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì àti ìyàwó rẹ̀ ló rà á. Mo sọ gbogbo àìsàn rẹ̀ fún wọn, mi ò fi ọ̀kan pamọ́. Bàbá náà ṣí ojú táǹkì, ó fi ìka méjì yọ náílọ̀n jáde, ó ní, "Kí lèyí?" Mo ní mẹkáníìkì ni bàbá mi, bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí. Inú bí mi sí i nítorí yín! Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún un pé kò mọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kẹta, ó pè mí. Ó ní kí n má dààmú mọ́, pé àwọn ti wà á fún wákàtí mẹ́fà, àwọn gun òkè méjì, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ohùn rẹ̀ dùn. Mo dá a lóhùn pé inú mi dùn. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo lọ ṣí lẹ́tà yín.

Inú ń bí mi sí yín, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Inú ń bí mi sí ara mi náà. Lẹ́tà méjì lẹ kọ, èyí tẹ́ ẹ fi bú mi ni mo gbọ́ràn sí lẹ́nu, èyí tẹ́ ẹ fi bẹ̀ mí ni mo fi sábẹ́ kọ́ọ̀mù. Yàrá tí mo wà báyìí ní fèrèsé kan, ògiri ni ó kọjú sí, mi ò ní parọ́ ọgbà fún yín mọ́. Mo ń gbé àpò méjì wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè. Ọjọ́ yòókù, mo jókòó.

Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe. Mo kàn sọ ọ́ fún yín ni.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ, kò sì gba bíírò lọ́wọ́ mi lónìí, ó ní kí n fúnra mi wá ọ̀rọ̀ mi.

Mo ti ka lẹ́tà rẹ fún ọjọ́ mẹ́rin. Tó o bá ń bínú sí mi títí di ọdún tó ń bọ̀, o jàre. Ohun tó dùn mí jù ni pé o ń gbèjà mi níwájú oníbàárà nígbà tí náílọ̀n mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò lè rà á padà fún ọ. Mo ti rò ó títí, kò sí irinṣẹ́ tí mo ní tó lè tún un ṣe.

Mo ti ń lọ láti ilé oníbàárà kan dé èkejì. Mò ń ṣí ojú táǹkì wọn, mo ń yọ náílọ̀n, mo ń sọ fún wọn pé mo ti kọ́ wọn ní ohun tí kò dáa. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní ogbó ti ń dé sí mi. Mo ní kì í ṣe ogbó, ọmọ mi ló rí i. Nítorí ìwọ lo rí i, mo fẹ́ kó o mọ bẹ́ẹ̀. Èmi kàn ka ohun tó o kọ ni. Ogójì ọdún, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé àìsàn ọkọ̀ fún mi tó bẹ́ẹ̀ rí, ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú, ohun tó gbóná àti ohun tí kò rùn. Mi ò kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Ó yẹ kí n kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́. Bọ́ọ̀sì kékeré kan wà níbí láti ọjọ́ Sátidé. Ó máa ń kú tó bá yà sí apá òsì. Tó bá yà sí ọ̀tún, kò ní ṣe nǹkan kan. Kì í ṣe gbogbo òsì náà: òsì tó bá ṣẹ́ kọ́rọ́ nìkan, pàápàá tí èrò bá kún un. Iná iwájú máa ń ṣẹ́jú kó tó kú. Tó bá ti kọjú síwájú padà, á jí láìjẹ́ pé wọ́n ṣe é ní nǹkan kan. Mo ti fọwọ́ kan bátìrì, ó dúró gbọn-in. Awakọ̀ ní ohùn kan máa ń dún "tà" lábẹ́ àga òun kó tó kú, ṣùgbọ́n etí mi ò bá mi gbọ́ ọ. Mi ò tíì tú nǹkan kan, mi ò sì ní tú u. Rò ó, kó o kọ èrò rẹ sí mi, ibi tó yẹ kí n kọ́kọ́ wò, nǹkan kan ṣoṣo.

Awakọ̀ náà ń bínú, ó ní kí n yára, pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin. Mo ní kó ní sùúrù. Mo sọ fún un pé ọ̀gá tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ò sí nílé, pé mo ti kọ̀wé sí i.

Èmi ni bàbá rẹ.